Ọjọ́ Tí Ará Ìpàrò Yin Igi

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìpàrò, ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Láwọyin. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun àti ọkọ́ kò rẹ́. Bí ó bá kọ ebè méjì, a fi ọkọ́ kọ́ èjìká, a dúró máa wo igi bí ẹni tí igi jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó kúkú gbà fún igi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọmọlangidi. Ó gbẹ́ orí, ó gbẹ́ àgbọ̀n tó ń ṣí tó sì ń pa dé, ó fi òwú so apá mọ́ èjìká, ó wọ̀ wọ́n láṣọ. Ó ta aṣọ ìkélé sáàárín òpó méjì ní gbàgede, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ojú kò ti tó o, ó na àwọn ọmọlangidi náà sókè orí aṣọ, ó sì ń fi oríṣiríṣi ohùn sọ̀rọ̀ fún wọn. Ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún, bí oòrùn bá ti rọjú díẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Méjì ni ìlú fẹ́ràn jù nínú wọn. Èkíní ni Sàndóró ọ̀kọpẹ, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pòròpórò àgbàdo, tí kì í gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Èkejì ni ìyàwó rẹ̀, Asọ̀rọ̀mágbèsì, tí orúkọ rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ tán. Eré wọn kì í parí lọ́jọ́ kan. Ibi tó bá dé lónìí, ibẹ̀ ni yóò ti tẹ̀ síwájú ní ọjọ́ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni Láwọyin ṣe ń bá a bọ̀ fún odidi ọdún méje.

Kò sí ẹni tí kì í wá. Ẹni tí orúnkún ń dùn, wọn a gbé e wá. Obìnrin tó gbé ọbẹ̀ kaná a gbàgbé rẹ̀ sórí ààrò, tó fi jẹ́ pé bí òórùn ọbẹ̀ tó jóná bá ti gba ìlú kan, a mọ̀ pé eré ti wọra nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò sọ pé kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó ti Láwọyin ní Ìpàrò. Onítọ̀hún kò mọ ará Ìpàrò ni.

Ará Ìpàrò kì í yin ènìyàn. Ẹ má pè wọ́n ní ahun o. Wọn a fún ọ níṣu, wọn a bá ọ kọ́lé, wọn a bá ọ sunkún ju bí ìwọ alára ti sunkún lọ. Ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan ni kì í jáde lẹ́nu wọn. Àwọn baba ńlá wọn ló kọ́ wọn pé a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, pé ìfàsẹ́yìn ní í gbẹ̀yìn irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n fi ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lé ará Ìpàrò lọ́wọ́, kí o wo ohun tí yóò fi ṣe. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó wò. Ta ni ọmọdé? Ẹni tí ẹlòmíràn bá dàgbà jù ni. Ta wá ni kò sí ẹni tó dàgbà jù ú lọ ní ìlú? Ìyá Àgbà Òjúọlápé nìkan ni, ìyá tó bí Baálẹ̀, ẹni tí kò sí alààyè kankan tó tún mọ iye ọdún rẹ̀ mọ́. Ọ̀ràn ti yanjú. Ọmọdé ni gbogbo ìlú, láti orí Baálẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú títí dé orí jòjòló. A kò gbọdọ̀ yin ẹnikẹ́ni.

Bí ọdẹ bá pa ẹfọ̀n, wọn a yí ẹfọ̀n náà po lẹ́ẹ̀mẹta, wọn a ní, “Èyí náà mà ti gbó.” Bí wọ́n bá mú ìyàwó wọlé, tí ẹwà rẹ̀ ń dá àwọn tó ń kọjá lọ dúró lójú ọ̀nà, ìyá ọkọ a wò ó lókè wò ó nílẹ̀, a ní, “Ojú rẹ̀ pé méjì, a dúpẹ́.” Òkú nìkan ni wọ́n ń yìn, nítorí pé òkú ti dé ibi tí kò ti lè fà sẹ́yìn mọ́. Ẹ wá gbọ́ ìyìn lọ́jọ́ ìsìnkú! Ọ̀lẹ tí wọ́n fi ogójì ọdún bú, wọn a ní òpó ìlú ló wó yẹn. Bí òkú bá lè sọ̀rọ̀ ni, ì bá bi wọ́n pé ta gan-an ni wọ́n ń sin.

Ẹ̀rín pàápàá, wọ́n ní ìyìn tí kò lẹ́nu ni. Nítorí náà, bí Sàndóró bá ń ṣe wèrè rẹ̀ lókè ìkélé, àwọn obìnrin a ki etí ìró bọ ẹnu, àwọn ọkùnrin a sọ ẹ̀rín di ikọ́. Láwọyin tó wà lẹ́yìn aṣọ, ikọ́ nìkan ló ń gbọ́. Gbogbo ìlú ń wúkọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé eruku ni, ló bá kó eré kúrò ní gbàgede lọ sí abẹ́ igi odán, ó sì bu omi wọ́n ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà, eré dùn ju ti ìgbàkígbà rí lọ, ikọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ran àwọn ènìyàn lọ sọ́run. Láwọyin ń lọ sílé, ó ń rò ó bóyá igi olóró ló fi gbẹ́ ọmọlangidi.

Bó bá délé, a bi Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Ìgè, báwo ni tòní ti rí?”

Àwẹ̀ró, tí eyín rẹ̀ ti dá ihò sí etí ìró mẹ́ta nítorí eré yìí kan náà, a gbé àwo kalẹ̀. “Ọkà rèé, Baba Ìgè.”

“Mo ní báwo ni eré ti rí?”

“Aṣọ kò ya. Ẹ̀yin náà kò ṣubú. Ẹ fọwọ́ bọ omi, kí ọbẹ̀ má baà dì.”

Ọdún méje nìyẹn. Àgbẹ̀ ń rí iṣu rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ń rí àdá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ti ẹ̀yìn aṣọ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, bí kò bá gbọ́ ẹ̀rín, kí ló kó jọ? Láwọyin kò fẹ́ oyè, kò fẹ́ ẹrú. Ọ̀rọ̀ dáadáa kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kò tilẹ̀ kọ̀ bó jẹ́ pé adití ló sọ ọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ yẹn, Sàndóró fẹ́ ṣe fáàrí lójú àna rẹ̀, ó ní òun yóò gun ọ̀pẹ tó ga jù nínú igbó. Asọ̀rọ̀mágbèsì ní, “Igbà tí o fẹ́ fi gùn ún ti gbó, mo ti sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹta.” Sàndóró ní igbà baba òun kì í gbó. Ó gùn ún. Ó gùn ún títí ó fi dé orí téńté, ó ń ju ọwọ́ sí àna rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ó ti ń ju ọwọ́ ni igbà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Fọ́nrán kan já. Òmíràn já. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Sàndóró wo ilẹ̀, ó ní, “Ìyàwó mi ọ̀wọ́n...” Ibẹ̀ ni Láwọyin ti gbé e sínú àpótí. Ikọ́ gba abẹ́ odán kan.

Láwọyin kò dúró pa ìkélé pọ̀. Ó sáré gba ẹ̀yìn odán yọ sójú ọ̀nà kí ó lè pàdé àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni Kújọrẹ̀ ahunṣọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré.

“Kújọrẹ̀, eré òní ńkọ́?”

“A rí i.”

“Báwo lẹ ṣe rí i?”

“Ojú la fi rí i, Láwọyin. Àbí kí lo tún fẹ́ ká fi rí i?”

Kújọrẹ̀ gbọn eruku ìdí rẹ̀, ó kọjá. Láwọyin kò mọ̀ pé bí ahunṣọ náà ti yí igun ilé kan tán, ó di ògiri mú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Ẹ̀yìn Kújọrẹ̀ tó ń lọ nìkan ni Láwọyin rí, ẹ̀yìn náà sì le bí ẹ̀yìn ìjàpá.

Ó gbé àpótí rẹ̀ délé, ó jù ú sílẹ̀ gbì.

“Ó tán, Àwẹ̀ró.”

“Kí ló tán?”

“Eré. Ọdún méje ni mo fi ń ké lẹ́yìn aṣọ bí adìẹ tó lọ yé sínú igbó. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún, n óò dáná sun gbogbo wọn, n óò fi iná wọn sun iṣu.”

“Sàndóró ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró kó tó mọ̀. “Tó ku fọ́nrán kan lórí ọ̀pẹ?”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”

Àwẹ̀ró yí ojú sí ìkòkò. “Kò kàn mí. Mo kàn ní ọ̀pẹ yẹn ga ni.”

Láwọyin kò fi ṣe àṣírí. Ẹni tó bá pàdé, a sọ fún un pé eré ti parí, Sàndóró sì wà lórí ọ̀pẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìlú ti dàrú. Àwọn ọ̀kọpẹ Ìpàrò kò gun ọ̀pẹ mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bó ṣe ṣe ti ẹni tó wà lókè. Àwọn kan ní ó já bọ́, àwọn kan ní kò já bọ́. Ìyàálé àti ìyàwó tí wọn kò jà rí na ara wọn ní àlùbami lórí ọ̀ràn náà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè bi Láwọyin ní gbangba, nítorí ẹni tó bá béèrè ti sọ pé ó dùn mọ́ òun nìyẹn, ìyìn sì ni.

Wọ́n wá ń yọ́ ọ̀rọ̀ rìn. Kújọrẹ̀ wá yá àáké, òun tí kò gé igi rí láyé rẹ̀.

“O ṣeun, Láwọyin. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa igi, bí igbà ènìyàn bá ku fọ́nrán kan, ṣé onítọ̀hún lè fi ẹsẹ̀ di ọ̀pẹ mú?”

“Èèyàn wo?”

“Èèyàn kan ṣáá.”

“N kò mọ èèyàn kan ṣáá. Mú àáké lọ.”

Baálẹ̀ Ọ̀ṣúntúyì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ náà ní Baálẹ̀ gbọ́ pé ọkùnrin kan há sórí ọ̀pẹ nínú ilẹ̀ Ìpàrò, pé ètò ìlú ni kí Baálẹ̀ mọ ipò tí ó wà. Láwọyin dáhùn pé, “Ẹ sọ fún Baálẹ̀ pé ó wà níbi tí mo fi í sí. Ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé.” Nígbà tí ìránṣẹ́ ti lọ tán ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọkùnrin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Baálẹ̀ kó sùn dáadáa.

Ó ku ọ̀la kí iná jó, Àwẹ̀ró dìde, ó kọjá sí ilé Baálẹ̀. Ó bá àwọn àgbà níbẹ̀, gbogbo wọn ń fi ojú sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀yin baba mi, ọkọ mi kò ṣe àwàdà o. Ó ti kó igi gbígbẹ jọ. Lọ́la, bí ìrì bá ti gbẹ, yóò sun wọ́n.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ ẹ́,” ni àgbà kan wí.

“Yóò bi wá pé kí ló dé tí a fi ń bẹ òun,” ni Baálẹ̀ fèsì. “Kí la ó sọ? Pé eré rẹ̀ dùn? Lójú ara rẹ̀?”

Gbogbo wọn mi orí. Kújọrẹ̀ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wúkọ́ (ikọ́ gidi ni lọ́tẹ̀ yìí), ó ní, “Bó bá jẹ́ pé ó ti kú ni, à bá yìn ín.”

“Ta ni yóò wá parí eré?”

“Òótọ́ ni. Kó má tíì kú.”

Ìyá Àgbà Òjúọlápé wà lórí ẹní rẹ̀ ní igun ilé, wọ́n ti rò pé ó sùn. Ó ṣí ojú kan.

“Ọ̀ṣúntúyì.”

“Ìyá.”

“Ta ni àwọn baba rẹ ní kí ẹ má yìn?”

“Ọmọdé ni, ìyá.”

“Igi ńkọ́?”

Àwọn àgbà wo ojú ara wọn.

“Etí rẹ kò gbọ́ ni? Mo ní igi. Bí ènìyàn bá yin igi, ṣé igi a máa fà sẹ́yìn?”

Baálẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. “Igi kì í rìn rárá, ìyá.”

“Ẹ lọ yin igi nígbà náà, kí ẹ jẹ́ kí n sùn.”

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Àwẹ̀ró fọ aṣọ ìkélé, ó ní aṣọ tó le tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá igi jóná, òun yóò fi rán ìró. Ó sá a sórí okùn láàárín àgbàlá, omi ń kán lára rẹ̀. Láwọyin dáná. Ó kó àwọn ọmọlangidi mọ́ àyà bí ẹni tó kó ìdì igi ìdáná. Iná ti ń ràn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ó wo ojú Sàndóró, Sàndóró ń wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi.

Ló bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan kọ́, ẹsẹ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí Baálẹ̀ sọ sí i lọ́kàn: wọ́n wá mú un nìyẹn! Kò rí ibi sá sí àfi ẹ̀yìn ìkélé tútù náà, ó sì wọ ibẹ̀ tòun tẹrù rẹ̀. Láti orúnkún dé ọmọ ìka ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí i. Bí ará Ìpàrò kò bá fẹ́ rí nǹkan, ó lè fi orí gbá a kó má rí i. Lókè aṣọ, nínú ìkánjú, orí Sàndóró yọ síta, ó ń wo ìlú.

Baálẹ̀ bọ́ síwájú. Ó tún agbádá ṣe.

“Igi, mo kí ọ o.”

Ó yíjú sí àwọn ènìyàn.

“Kí gbogbo ìlú jẹ́rìí pé èmi Ọ̀ṣúntúyì kò bá ènìyàn kankan sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó yí padà sí Sàndóró. “Igi, nígbà tí ọmọbìnrin mi kú lọ́dún tó kọjá, n kò jẹ, n kò mu. Wọ́n fà mí wá síbi eré. Lọ́jọ́ náà, o gun ewúrẹ́, o ní ẹṣin ni, ewúrẹ́ gbé ọ lọ sílé aláró, o bọ́ sínú ìkòkò aró. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo délé, mo jẹun. Ohun tí mo fẹ́ bá igi sọ nìyẹn.”

Ìkélé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

Obìnrin kan fò síwájú kó tó di pé ojú tì í. “Asọ̀rọ̀mágbèsì, níbi tó o wà lẹ́yìn aṣọ yẹn, ohùn rẹ, ìrísí rẹ, bó o ṣe ń gbé ìdí sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi gan-an ni! Bí mo bá ti ń wò ọ́, mo máa ń rí okun fara dà á títí di ọjọ́ karùn-ún.”

“Ṣé èmi nìyẹn?” Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìyá.”

Bí ẹnu ṣe tú nìyẹn. Ọdún méje ló ti wà nínú wọn, ó ń tú jáde bí àpò ẹ̀wà tó ya ní ìsàlẹ̀. Ọdẹ yin igi, alágbẹ̀dẹ yin igi. Bàbá kan ní ọjọ́ tí Sàndóró lọ tọrọ iyọ̀ lòun fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ òun. Lẹ́yìn aṣọ, Láwọyin ti jókòó sílẹ̀ nínú omi tó ń kán, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi Asọ̀rọ̀mágbèsì nu imú.

Ó wá kan Kújọrẹ̀. “Igi, ìwọ Sàndóró, n kò rí irú rẹ rí. Eré rẹ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ mi yá lórí òfì. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún kẹta, lọ́jọ́ tí o lọ sọ́jà Ajé, fìlà pupa lo dé lọ, dúdú lo dé bọ̀.”

Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú irú àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí mọ̀ pé ogójì ìyìn kò lè pa ẹyọ àbùkù kan. Gbogbo adùn tí Láwọyin ti gbọ́ láti àárọ̀ fò lọ. Ó dìde gìrì.

“Ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jà!”

Kújọrẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ẹ̀yin èèyàn, igi fèsì o.”

Kò sí ẹni tó lè fi èyí ṣe ikọ́. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kẹkẹ, bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ni gbogbo ìlú bá tẹ̀ lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn mìíràn fi jókòó sílẹ̀. Láwọyin dúró lẹ́yìn aṣọ, ó ya ẹnu sílẹ̀. Kò gbọ́ ìró yẹn rí ní Ìpàrò.

Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti gbé wá bá ìlú níbẹ̀, fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Ó tó. Igbó tó yí Ìpàrò ká, igi ló kún inú rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èwo nínú wọn ló pa yín lẹ́rìn-ín rí? Ẹni ni ẹ̀ ń yìn, ẹ má tan ara yín jẹ. Ọ̀ṣúntúyì, sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́.”

Baálẹ̀ ká agbádá sókè bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sódò tí kò mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀.

“Láwọyin,” ó ní. “Eré rẹ dùn.”

Gbogbo ojú lọ sí ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà lábẹ́ ìkélé, tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni pé wọn kò rí láti àárọ̀. Wọ́n fẹ́ wo bí yóò ti fà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti wí. Ẹsẹ̀ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ìgbésẹ̀ kan. Sàndóró na ọrùn sókè lórí aṣọ, àgbọ̀n rẹ̀ ṣí.

“Ta ló ń pariwo nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, nígbà tí igbà ènìyàn ń já?”

Ariwo sọ. Igbà já. Sàndóró bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó ń já bọ̀, ó ń ké pe gbogbo mọ̀lẹ́bí ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì balẹ̀ bọ̀ọ̀ sórí òkìtì imọ̀ ọ̀pẹ tó ga tó ìdúró ènìyàn méjì. Ó fọwọ́ pa ara rẹ̀ wò. Kò sí ohun tó ṣe é.

“Ta ló kó imọ̀ jọ síbí?”

Asọ̀rọ̀mágbèsì yọ. “Èmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, gbogbo ọ̀pẹ tí o bá fẹ́ gùn, mo máa ń kọ́kọ́ lọ kó imọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ wo lo yìn mí?”

Láwọyin kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ ẹnu òun wá. Ohùn tó fi ń ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rí bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ó rántí ọkà ọdún méje, ìkélé tí ẹnìkan ń fọ̀ tó sì ń lẹ̀ bó bá ya, ẹni tó dìde jáde lánàá láìsọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú eré. Nígbà tí Sàndóró tún sọ̀rọ̀, ohùn Sàndóró kọ́, ohùn Láwọyin ni.

“Àwẹ̀ró, ọbẹ̀ rẹ dùn. Ó ti ń dùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni n kò sọ.”

Gbogbo ìlú yí ojú sí Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wá etí ìró rẹ̀ láti ki bọ ẹnu, kò rí i, ló bá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. “Ẹ wo ọkùnrin yìí láàárín èrò!” ó ní, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nítòsí rí i pé eyín rẹ̀ wà níta.

“Òmíràn!” ni Kújọrẹ̀ kígbe.

Láwọyin ṣe òmíràn. Ó ṣe ti Sàndóró nílé àna rẹ̀, ó ṣe ti Sàndóró àti oyin. Èyí tó ti pa tì láti ọdún kejì nítorí pé ó rò pé kò sí ẹni tó ń gbọ́, ó ṣe é. Iná tó dá fún sísun wọn kú fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀, àfi àwọn tó jí iṣu sun nínú eérú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ Àwẹ̀ró pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Láwọyin fi ń wò ó bóyá àlejò ń bọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, ó ti gbẹ́ ọmọlangidi mẹ́rin tuntun, ọ̀kan nínú wọn dé fìlà apá kan pupa, apá kan dúdú, ó sì ń hunṣọ.

Ẹnu ará Ìpàrò kò pa dé mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n yin alágbẹ̀dẹ, ọkọ́ di mẹ́wàá níbi tí márùn-ún wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n yin ahunṣọ, Kújọrẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀ lórí òfì fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n yin Baálẹ̀, ó sì tún afárá tí ó ti ń ṣèlérí rẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú ṣe. Àwọn kan wá ń ráhùn pé ìyìn ti pọ̀ jù nílùú, pé ènìyàn kò lè sín kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá Ìyá Àgbà Òjúọlápé lórí ẹní rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún wọn ní èsì tí àwọn àgbà fi ń pòwe títí di òní, pé: yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.